Iṣẹ́ postdoc nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ: tọpa owó ìwádìí kí ìpolówó tó jáde

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ku nǹkan bí oṣù 8 kí n gbèjà iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé mi. Ìmọ̀ ẹ̀rọ mẹ́káníìkà ni mo ń ṣe. Bí a ṣe ń fi omi tó ń hó mú ooru kúrò lára chip kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ mi dá lé, ìṣirò orí kọ̀ǹpútà ni mo sì fi ń ṣe é. Mo ti kọ íméèlì sí ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n, mo sì ti dáhùn ìpolówó postdoc (iṣẹ́ ìwádìí onígbà díẹ̀ lẹ́yìn oyè ọ̀mọ̀wé) lóríṣiríṣi, àmọ́ agbára káká ni mo fi ń rí èsì. Níbo ni kí n máa wá iṣẹ́ yìí? Kí ni wọ́n ń wò lára ẹni? Ṣé kí n dúró títí n óò fi gba oyè ná? Ṣé ó tilẹ̀ yẹ kí n ṣe postdoc, nígbà tí mi ò tíì mọ̀ bóyá yunifásítì ni mo fẹ́ ti ṣiṣẹ́ tàbí ilé-iṣẹ́?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ṣé tí o kọ̀wé, mo sì kí ọ kú ìfaradà. Àìfèsì wọn kò fi hàn pé iṣẹ́ rẹ kò dára. Ohun tí mo rí nínú ìbéèrè rẹ ni pé ìpolówó lò ń dúró dè, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìpolówó ló máa ń jáde kẹ́yìn. Kí iṣẹ́ postdoc kan tó hàn sí gbogbo ayé, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti kọ ìwé àbá, àjọ kan ti yẹ̀ ẹ́ wò fún ọ̀pọ̀ oṣù, owó ti jáde, orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n náà àti iye tó gbà sì ti wà lórí ìkànnì àjọ náà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. Láàárín àkókò yẹn, òun fúnra rẹ̀ ti ń bi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè bóyá wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ń parí lọ. Nígbà tí ìpolówó bá fi máa jáde, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan tàbí méjì ti wà lọ́kàn rẹ̀. Ní ibi púpọ̀, òfin yunifásítì ló ní kí wọ́n polówó, bí wọ́n tilẹ̀ ti mọ ẹni tí wọ́n ń fẹ́. Nítorí náà, ẹni tí owó ìwádìí ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lọ́wọ́ ni kí o máa wá.

Kí o tó lè tọpa owó, ó yẹ kí ibi tó ti ń wá yé ọ. Nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, owó tí ọ̀jọ̀gbọ́n ti gbà ni ọ̀pọ̀ jù lọ iṣẹ́ postdoc so mọ́. Ó ti ṣèlérí fún àjọ tó fún un lówó pé nígbà tí oṣù 12 bá pé òun yóò ti parí èyí, nígbà tí oṣù 24 bá pé òun yóò ti parí tọ̀hún. Ẹni tó bá gbà, iṣẹ́ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ló wá ṣe. Ọ̀nà kejì ni kí ìwọ fúnra rẹ kọ ìwé àbá, kí o gba owó ìwádìí lórúkọ ara rẹ, kí o sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá gbà láti gbà ọ́ lálejò. Èyí níyì gan-an lórí CV, ó sì ń fúnni lómìnira, àmọ́ ó máa ń pẹ́, ìdíje rẹ̀ sì le. Máa ṣe méjèèjì pa pọ̀. Lẹ́tà tí o kọ torí ti àkọ́kọ́ lè bí ìkejì: ọ̀jọ̀gbọ́n lè sọ pé òun kò lówó lọ́wọ́ báyìí, ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ kọ ìwé àbá, òun yóò dúró tì ọ́. Ìdáhùn rere nìyẹn o. Má ṣe kà á sí ìkọ̀sílẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, àjọ NSF, tó ń fi owó ìjọba ti ìwádìí lẹ́yìn, ní ìkànnì tí wọ́n ń pè ní Award Search. Tẹ ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ iṣẹ́ rẹ síbẹ̀, bíi boiling tàbí electronics cooling, wàá rí orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n, yunifásítì rẹ̀, iye owó tó gbà, ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí yóò parí, àti àlàyé ṣókí lórí ohun tó fẹ́ ṣe. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀, Gateway to Research lorúkọ rẹ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní CORDIS. Ní Jámánì, GEPRIS ni wọ́n ń kó iṣẹ́ tí àjọ DFG fún lówó sí, ní Japan sì rèé, KAKEN ni. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, ẹnikẹ́ni ló sì lè wọ̀ ọ́.

Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni bí a ṣe ń ka ohun tó wà níbẹ̀. Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí ṣe pàtàkì ju iye owó lọ. Iṣẹ́ ọdún 4 tó ti lo ọdún 3, wọ́n ti gba ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà, owó tó kù sì lè má tó owó oṣù ẹnì kan. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù 6 sẹ́yìn, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde tí kò tíì bẹ̀rẹ̀, ni kí o lẹ̀ mọ́. Ní Yúróòpù, ERC, àjọ tó ń fún olùwádìí lówó, sábà máa ń kéde àwọn tó gba owó ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Starting Grant ní oṣù kẹsàn-án ọdún. Owó náà lè tó mílíọ̀nù 1.5 yúrò fún ọdún 5, àwọn tí kò tíì pẹ́ púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ló sì ń gbà á. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní owó, ó ní àkókò, kò ní ènìyàn. Bí mo bá wà nípò rẹ, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá kéde orúkọ wọn ni n óò kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, n óò sì kọ lẹ́tà kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí. Owó CAREER ti NSF náà jẹ́ ti ọdún 5, fún olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀, àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ PhD ni wọ́n sábà máa ń fi owó yẹn gbà ju postdoc lọ. Nítorí náà má gbé gbogbo ìrètí rẹ lé e.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tó sún mọ́ ọ ju gbogbo ìkànnì yìí lọ. Mú àwọn àpilẹ̀kọ tí o tọ́ka sí nínú iṣẹ́ rẹ, pàápàá àwọn ti ọdún méjì tó kọjá. Ní ìparí àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àjọ tó fún wọn lówó, wọ́n sì sábà máa ń kọ nọ́ńbà owó náà síbẹ̀. Mú nọ́ńbà yẹn, wá a lọ sórí ìkànnì àjọ náà, wàá mọ̀ bóyá ó ṣì kù. Lẹ́yìn náà, wo ìkànnì yàrá ìwádìí wọn kí o sì wo àwọn orúkọ tó wà níbẹ̀. Bí postdoc kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò tí iṣẹ́ náà sì ku ọdún kan àbọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn wà nínú ìṣòro, nítorí ìlérí tó ṣe fún àjọ kò yí padà. Irú àyè bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kó tó dí.

Àpérò náà ṣe kókó. Ní ẹ̀ka tìrẹ, ITherm àti InterPACK ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ooru inú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ti máa ń pàdé. Bí o bá ráyè lọ, má fi gbogbo àkókò rẹ lé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá kiri. Àwọn postdoc tó wà nídìí pátákó àpilẹ̀kọ wọn ni kí o bá sọ̀rọ̀. Wọ́n mọ ìgbà tí àwọn fúnra wọn yóò lọ, wọ́n mọ owó tó ń bọ̀, wọ́n sì lè sọ ìwà ọ̀gá wọn fún ọ láìfi bò.

Ó kan lẹ́tà fúnra rẹ̀, ibi tí mo rò pé nǹkan ti ń bà jẹ́ jù fún ọ. Lẹ́tà tí a lè yí orúkọ orí rẹ̀ padà, kí a sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn láìyí nǹkan kan mìíràn, kò yẹ ní fífi ránṣẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá lọ́sẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n láti gbólóhùn àkọ́kọ́. Lẹ́tà tó dára kò ju ìpínrọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Sọ ẹni tí o jẹ́ àti ìgbà tí wàá parí nínú gbólóhùn kan. Lẹ́yìn náà, sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ rẹ̀ tí ẹni tí kò kà á kò lè sọ. Bí àpẹẹrẹ, o lè kọ nǹkan tó jọ èyí:

“Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí omi tó ń hó nínú ihò tín-ín-rín. Nínú àwòrán kẹrin, ìṣirò yín àti ohun tí ẹ wọ̀n bára mu nígbà tí ooru kéré, àmọ́ wọ́n yapa nígbà tí ooru pọ̀ sí i. Mo bá irú ìyapa bẹ́ẹ̀ pàdé nínú iṣẹ́ tèmi, mo sì rí i pé bí a ṣe ń ṣírò igun tí omi fi ń kan ògiri ló fà á. Mo ti fi kóòdù tí mo fi tún un ṣe sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà yìí. Inú mi yóò dùn láti dán an wò lórí iṣẹ́ tí owó yín tuntun wà fún.”

Wo ohun tí lẹ́tà yìí ṣe. Ó fi hàn pé o kà á, ó fi hàn pé o mọ̀ ọ́n ṣe, ó fi hàn pé o mọ̀ pé owó ti dé, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Fi CV tí kò ju ojú ìwé méjì lọ àti àpilẹ̀kọ rẹ kan ṣoṣo, èyí tó dára jù, mọ́ ọn. Ní àkọlé íméèlì, kọ iṣẹ́ tí o lè ṣe àti oṣù tí wàá lè bẹ̀rẹ̀. “Ìbéèrè fún àyè postdoc” nìkan kò sọ nǹkan kan. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, kọ gbólóhùn méjì láti rán an létí, lẹ́ẹ̀kan péré. Bí kò bá tún fèsì, tẹ̀ síwájú. Lẹ́tà márùn-ún tí o fi ọjọ́ kan kan jókòó kọ níye lórí ju ọgọ́rùn-ún tí o kọ lálẹ́ ọjọ́ kan lọ, mo sì gbà ọ́ níyànjú kí o dá èyí tí o ń ṣe tẹ́lẹ̀ dúró láti òní.

O béèrè ohun tí wọ́n ń wò. Akẹ́kọ̀ọ́ PhD, ìlérí ni wọ́n ń wò lára rẹ̀. Postdoc yàtọ̀: ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ni wọ́n ń rà, torí kò sí àkókò láti kọ́ ọ. Kí o kọ “mo mọ Ansys, mo mọ OpenFOAM”, ìyẹn àwọn ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, kò tó. Kọ ohun tí o fi wọ́n ṣe, bó ṣe tóbi tó, àti bí o ṣe mọ̀ pé èsì rẹ̀ tọ̀nà. Àwọn àpilẹ̀kọ tí orúkọ rẹ ṣíwájú nínú wọn ni wọ́n máa kà kọ́kọ́. Ẹ̀ka sì yàtọ̀ sí ẹ̀ka: nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà àti rọ́bọ́ọ̀tì, àpilẹ̀kọ inú àpérò bíi NeurIPS tàbí ICRA níyì tó ti jọ́nà (ìwé àtìgbàdégbà ìwádìí), àmọ́ ní ẹ̀ka tìrẹ, jọ́nà ṣì ni wọ́n ń wò jù.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o fi oṣù 8 tó kù yìí tún ṣe. Ìṣirò orí kọ̀ǹpútà nìkan lo ní, ọ̀pọ̀ yàrá ìwádìí ooru sì ń fẹ́ ẹni tó lè so ìṣirò mọ́ ohun tí ẹ̀rọ wọ̀n. O kò nílò láti kọ́ ẹ̀rọ tuntun. Wá ẹni tó ti tẹ èsì ìwọ̀n rẹ̀ jáde, fi kóòdù rẹ ṣe ìṣirò ohun kan náà, kí o sì kọ ibi tí wọ́n ti bára mu àti ibi tí wọn kò ti bára mu. Kó kóòdù náà sí GitHub, ìkànnì tí wọ́n ń kó kóòdù sí, pẹ̀lú àlàyé tó lè jẹ́ kí àjèjì tẹ̀ ẹ́ kó sì ṣiṣẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá ṣí i tó sì rí i pé ó ṣiṣẹ́ ti rí ohun tí lẹ́tà ìjẹ́rìí kò lè fi hàn án.

Tún wo bí o ṣe ń sọ iṣẹ́ rẹ. Bí o bá sọ pé “ìṣàn alápá méjì nínú ihò tín-ín-rín” ni o ń ṣe, ẹni mélòó kan ni yóò yé. Àmọ́ chip H100 ti NVIDIA nìkan lè gba iná tó tó wáàtì 700, gbogbo iná yẹn ló sì ń di ooru tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé kúrò. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń kọ́ gbọ̀ngàn kọ̀ǹpútà ńlá fi ń fi omi mú un tutù dípò afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ tó ń darí iná nínú ọkọ̀ oníbátìrì náà ní irú ìṣòro yìí. Iṣẹ́ rẹ bọ́ sí àkókò gan-an. Kọ ọ́ sí gbólóhùn kejì nínú lẹ́tà rẹ.

Nípa owó tí o lè gbà lórúkọ ara rẹ, èyí tí mo fẹ́ kí o mọ̀ dunjú ni Postdoctoral Fellowships ti Marie Skłodowska-Curie ní Yúróòpù, nítorí ó ṣí sílẹ̀ fún ọmọ orílẹ̀-èdè yòówù. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé o ti gbèjà iṣẹ́ PhD rẹ kí gbèdéke tó pé, ìrírí ìwádìí rẹ lẹ́yìn oyè kò sì gbọdọ̀ ju ọdún 8 lọ. Òfin tó máa ń já ọ̀pọ̀ ènìyàn kulẹ̀ ni ti ìṣípòpadà: láàárín oṣù 36 tó ṣáájú gbèdéke, o kò gbọdọ̀ ti gbé tàbí ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè tí o fẹ́ lọ fún ohun tó ju oṣù 12 lọ. Ẹni tó ṣe PhD ní Jámánì kò lè fi í jókòó sí Jámánì, àmọ́ ó lè fi í lọ sí Faransé. Ìpìlẹ̀ ìwé àbá náà kò gbọdọ̀ kọjá ojú ìwé 10. Nínú 100 máàkì, 50 ni ti ìjìnlẹ̀ ìwádìí, 30 ni ti ipa tí yóò ní, 20 sì ni ti ètò iṣẹ́. Àwa ẹ̀njíníà sábà máa ń fi ojú ìwé mẹ́jọ sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, ká wá fi méjì tó kù há ìyókù mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ìdajì máàkì ló wà níbẹ̀. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tó gba 85 sókè tí owó kò kàn ń gba ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní Seal of Excellence, àwọn orílẹ̀-èdè àti yunifásítì kan sì máa ń fi owó tiwọn gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbèdéke rẹ̀ sábà máa ń bọ́ sí oṣù kẹsàn-án, èsì sì máa ń jáde ní nǹkan bí oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e. Èyí já sí pé ó yẹ kí o ti rí olùgbàlejò kí oṣù karùn-ún tó tán. Ka ìlànà ọdún tí o fẹ́ kọ ọ́, torí wọ́n máa ń tún un ṣe.

Ti àjọ Humboldt ní Jámánì wà fún ẹni tó gba PhD láàárín ọdún 4 sẹ́yìn, ó sì lè jẹ́ láti oṣù 6 títí dé 24. Ti JSPS ní Japan, láàárín ọdún 6 lẹ́yìn PhD ni, fún oṣù 12 sí 24. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà ní Japan ni yóò bá ọ fi ìwé sílẹ̀, kì í ṣe ìwọ, nítorí náà àìmọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ni ìdènà tó tóbi jù. Schmidt Science Fellows yàtọ̀ sí gbogbo wọn: ó wà fún ẹni tó fẹ́ kúrò ní ẹ̀ka tó ti ṣe PhD lọ sí òmíràn, yunifásítì ló sì ń fi orúkọ ẹni ránṣẹ́. Béèrè ní ọ́fíìsì ìwádìí yín bóyá tiyín wà lára wọn.

Mi ò ní kí o má wo ìpolówó rárá. EURAXESS fún Yúróòpù, jobs.ac.uk fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, academics.de fún Jámánì, JREC-IN fún Japan: fi orúkọ sílẹ̀ kí wọ́n máa fi iṣẹ́ tuntun ránṣẹ́ sí íméèlì rẹ, kí o má baà máa lo ọjọ́ rẹ níbẹ̀. Má gbàgbé àwọn ilé ìwádìí tí kì í ṣe yunifásítì, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀njíníà kì í yà sí. Fraunhofer ní Jámánì, imec ní Leuven, CEA-Leti ní Grenoble, A*STAR ní Singapore, CSIRO ní Ọsirélíà, Argonne, Oak Ridge àti Sandia ní Amẹ́ríkà, gbogbo wọn ló ń gba postdoc. Ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ wọn máa ń ju ti yunifásítì lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè owó lọ́wọ́ rẹ kó tó fún ọ ní iṣẹ́ ìwádìí, sá fún un. Kò sí yàrá ìwádìí gidi tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tó kan ìmọ̀ ẹ̀rọ ju ẹ̀ka mìíràn lọ, mo sì fẹ́ kí o fojú sí i: òfin tó de ìmọ̀ tó lè wúlò fún ogun. Ní Amẹ́ríkà, òfin ITAR kò gba kí wọ́n jẹ́ kí àjèjì fọwọ́ kan irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ. Òfin EAR náà de àwọn ìmọ̀ kan tí ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè rí tí ti òmíràn kò lè rí. Nítorí náà wàá rí ìpolówó tó sọ pé ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní ìwé ìgbélùú títí láé nìkan ni wọ́n ń gbà, pàápàá ní àwọn ilé ìwádìí ìjọba. Má fi ìbínú kọ lẹ́tà sí wọn, má sì fi àkókò rẹ ṣòfò níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ètò ATAS ni, ìyẹn ìwé àṣẹ tí àjèjì ń gbà kó tó kọ́ tàbí ṣe ìwádìí nínú irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2021 ni wọ́n ti fẹ̀ ẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn olùwádìí, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan mọ́. Bí orílẹ̀-èdè rẹ kò bá sí lára àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀, tí ẹ̀ka iṣẹ́ rẹ sì wà lára èyí tí wọ́n dárúkọ, o gbọ́dọ̀ gba ìwé ATAS kí o tó béèrè físà. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àwọn kan sì ti pàdánù ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ torí pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó béèrè. Bi ọ̀jọ̀gbọ́n náà léèrè kí o tó fọwọ́ sí ìwé.

Nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọn yóò ní kí o sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ rẹ, ó lè tó ìṣẹ́jú 45. Múra sílẹ̀ fún ẹni tí yóò béèrè bí o ṣe mọ̀ pé ìṣirò rẹ kò purọ́. Ìwọ náà sì ní ìbéèrè láti bi wọ́n. Ọdún mélòó ni àdéhùn, owó náà sì ti wà nílẹ̀ àbí wọ́n ń retí rẹ̀? Bí owó náà bá ti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ wá, oṣù mélòó ni wọ́n máa ń dá àpilẹ̀kọ dúró kí wọ́n tó jẹ́ kó jáde, ta ló sì ni ohun tuntun tí o bá ṣe? Níbo ni àwọn postdoc tó ti kọjá níbẹ̀ wà báyìí? Bí owó NSF bá ni, ọ̀jọ̀gbọ́n náà ti kọ ètò bí yóò ṣe tọ́ postdoc sọ́nà mọ́ ìwé àbá rẹ̀, nítorí àjọ náà béèrè fún un. O lè béèrè ohun tó wà níbẹ̀. Ní Jámánì, o kò ní láti máa dúnàádúrà owó oṣù lọ títí, torí ìpele owó oṣù tí wọ́n ń pè ní TV-L E13 ni ọ̀pọ̀ postdoc ń gbà ní yunifásítì, tábìlì rẹ̀ sì wà ní gbangba. Bá postdoc kan tó ti kúrò níbẹ̀ sọ̀rọ̀, ní ìkọ̀kọ̀, lórí fóònù. Ohun tí ènìyàn kò ní kọ sínú íméèlì, yóò sọ ọ́ lẹ́nu.

Má dúró de oyè o. Oṣù 8 sí 12 ṣáájú ìgbèjà ni àkókò tó dára jù láti bẹ̀rẹ̀, àkókò ọ̀hún sì lo wà yìí. Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ alámòójútó rẹ tó sọ ọjọ́ tí wọ́n retí pé wàá gbèjà máa ń tó fún ọ̀pọ̀ ibi láti yàn ọ́ sí iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan kò ní jẹ́ kí o bẹ̀rẹ̀ láìrí ìwé ẹ̀rí. Àwọn mẹ́ta tí yóò jẹ́rìí fún ọ ni kí o lọ bá ní ọ̀sẹ̀ yìí. Má fi orúkọ wọn sílẹ̀ láìsọ fún wọn. Fún wọn ní CV rẹ, àlàyé iṣẹ́ tí o ń wá, àti ohun mẹ́ta pàtó tí o fẹ́ kí wọ́n mẹ́nu bà. Ẹni kan lára wọn yẹ kó jẹ́ ará ìta yunifásítì rẹ tó mọ iṣẹ́ rẹ.

Ìbéèrè rẹ ìkẹyìn ló wúwo jù. Bí ó bá dá ọ lójú pé ilé-iṣẹ́ lo ń lọ, o kò nílò postdoc. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe chip àti ẹ̀rọ ìtutù ń gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba PhD tààrà, owó wọn sì ju ti postdoc lọ dáadáa. Bí kò bá sì dá ọ lójú, ṣe postdoc kan, fún ọdún méjì, ní ibi tí yóò ti kọ́ ọ ní ohun tí o kò mọ̀ báyìí. Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ni kí ọmọ tó mọṣẹ́ máa ti ọwọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan bọ́ sí òmíràn fún ọdún mẹ́fà, kó máa ṣe iṣẹ́ tó ti mọ̀ láti ìgbà PhD. Òfin pàápàá ní òpin tirẹ̀. Ní Jámánì, òfin WissZeitVG gba ọdún 6 lẹ́yìn PhD fún àdéhùn onígbà díẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù. Ní Amẹ́ríkà, físà J-1 ti olùwádìí kò kọjá ọdún 5. Bí o bá sì parí rẹ̀, oṣù 24 gbọ́dọ̀ kọjá kí o tó tún lè fi irú rẹ̀ wọlé. Fún àwọn mìíràn, ọdún méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi padà sí ilé kí wọ́n tó lè gba físà iṣẹ́ H-1B. Bóyá èyí kàn ọ́ sábà máa ń wà lára ìwé DS-2019 (ìwé tí wọ́n fi ń béèrè físà J-1) tàbí físà rẹ, kà á kí o tó fọwọ́ sí i. Fún ìwọ ní tìrẹ, àyè tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ ìdánwò ooru tí wàá fi ọwọ́ ara rẹ lò, tí ilé-iṣẹ́ kan sì bá wọn dá sí iṣẹ́ náà, ni kí o gbà, bí ibòmíràn bá tilẹ̀ fẹ́ fún ọ ní owó tó fi díẹ̀ jù ú lọ.